Mọ́tò Pẹlẹbẹ àti Ọwọ́ Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí ẹ wá ṣe tèmi, nítorí tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Sìkírátù ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n láti Jakande dé Ajah, Ìyá Wẹ́dà ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Irin ni mo jó. Mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí igbó àti àbàtà ṣì wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì wa, mo sì jó o títí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi dí òkun mọ́ wa lójú. Mo jó ilẹ̀kùn, mo jó àga, mo jó tánkì omi. Èyí tí ọkàn mi ń fà sí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni irin tí a máa ń jó sínú mọ́tò eré, kí ẹni tó ń wà á lè délé láàyè.

Ìkirun ni wọ́n bí mi sí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, èmi ni mo sì ń fín ẹwìrì fún wọn láti kékeré. Nígbà tí bàbá mi papò dà, ilé àgbẹ̀dẹ tú, mo bá tẹ̀lé àbúrò ìyá mi wá sí Èkó. Ó ń gbé ní Jakande Estate ní Ìlasàn, nígbà tí ọ̀dà ara ògiri ibẹ̀ ṣì ń rùn. Ní etí ọ̀nà, lábẹ́ páànù kan tí iyọ̀ òkun ti jẹ lójú, ni Ọ̀gá Lásún ti ń jórin. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn kò gùn. Wọ́n ní àwọn kì í gba obìnrin. Mo ní ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí. Wọ́n fún mi ní òòlù àti irin tó wọ́, wọ́n ní kí n nà án kó tọ́. Mo nà án, ó tọ́. Mo di ọmọ iṣẹ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Ọ̀gá Lásún, wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wọn kì í pariwo. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá dára, wọn kò ní bú ọ. Wọ́n á gbé e sẹ́nu fáìsì tó ń di irin mú, wọ́n á fún un pinpin, wọ́n á wá máa fi òòlù lù ú títí yóò fi ṣẹ́. Bó bá ṣẹ́ lójú ibi tí o ti jó o, ìwọ náà mọ̀ pé o ní láti tún un ṣe. Bó bá ṣẹ́ níbòmíràn, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á lọ mu omi. Lílọ mu omi yẹn ni ìyìn tí à ń gbà. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó mu omi kankan lórí iṣẹ́ tèmi. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu bàbá mi, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Lásún ni mo ti wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tó le jù lójú mi nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yanrìn. Bí a bá fẹ́ tẹ páìpù tó nípọn kó má baà fọ́ pẹ̀ẹ̀rẹ̀, a máa ń rọ yanrìn kún inú rẹ̀, a ó dí i lẹ́nu méjèèjì, a ó wá fi iná sí ibi tí a fẹ́ kó tẹ̀. Ṣùgbọ́n yanrìn etí òkun wa kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Bí omi díẹ̀ bá kù nínú rẹ̀, páìpù náà á bú bí ìbọn. Nítorí náà, a ní láti yan yanrìn nínú agbada bí ẹni ń yan gààrí, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ọ̀gá á bù ú, wọ́n á fún un, wọ́n á dà á padà. Wọ́n á ní kí n tún un yan. Mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ kí n sá lọ ni.

Wọ́n sì ní òfin kan. Ẹni tó bá jó ohun tí ẹ̀mí ènìyàn yóò sinmi lé, òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó sínú mọ́tò náà, kí ó bá olówó rẹ̀ rìn lórí ọ̀nà kí wọ́n tó gbé e lọ. Kò sí ẹni tí òfin yìí kò mú, ó mú Ọ̀gá fúnra wọn.

Mo ti ń sún mọ́ ìparí ẹ̀kọ́ mi nígbà tí Bísọ́lá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Olùkọ́ ni, oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa. Lójú rẹ̀, Àǹtí ni mo ń pè é, mo sì ń pe ọkọ rẹ̀ ní Bọ̀dá Káyọ̀dé, nítorí oníbàárà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mi ni wọ́n, ọjọ́ sì ti lọ, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ wọn bẹ́ẹ̀. Báńkì ni Káyọ̀dé ti ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island. Bàbá rẹ̀ tó ti kú fi mọ́tò eré kan sílẹ̀ fún un, mọ́tò àtijọ́, oníjókòó méjì, kò ní òrùlé ju aṣọ kan tí a lè ká sẹ́yìn lọ. Ó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá dúró tì í lè gbé igbá lé e bí ẹni gbé e lé tábìlì. Pẹlẹbẹ la máa ń pè é nígbàkigbà tó bá kọjá lọ. Kò ní bẹ́líìtì tó ṣeé gbára lé. Bó bá wà lẹ́yìn típà, awakọ̀ típà kò lè rí i rárá.

Bísọ́lá kò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ibi tó jìn. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ní, “Bàbá, mi ò lè gba mọ́tò yẹn lọ́wọ́ ọkọ mi. Bàbá rẹ̀ ló ń rí nínú ẹ̀. Ẹ kàn bá mi ṣe é kó lè máa padà wálé.”

Ọ̀gá wo ikùn rẹ̀, wọ́n wo ọ̀nà. Wọ́n ní, “Ẹ ní kí òun fúnra rẹ̀ wá. Èmi kì í ṣọ́ ẹni tí kò fẹ́ kí á ṣọ́ òun.”

Káyọ̀dé wá ní ọjọ́ Sátidé, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tó kàn fẹ́ tẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Wọ́n gbé agbada fún un, wọ́n ní kó bá wa yan yanrìn. Mo rò pé á bínú lọ. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì yan yanrìn náà títí èéfín fi ta á lójú. Ọ̀gá dà á padà fún un bí wọ́n ṣe máa ń dà á fún mi, mo sì rẹ́rìn-ín sínú. Sátidé kejì, ó tún padà wá.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún Pẹlẹbẹ ṣe. A kò ra ohun tuntun kankan láti òkè òkun. Ọ̀gá kọ̀ láti fi páìpù omi ṣe é, wọ́n ní omi ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n wá páìpù tó nípọn tí kò ní ojú ìsopọ̀ lára ẹ̀rọ ìkọ́lé kan tí wọ́n ti pa tì. A tẹ̀ ẹ́ bí òṣùmàrè, a jó o sẹ́yìn ìjókòó méjèèjì kó ga ju orí ẹni tó bá jókòó lọ, kí ó lè jẹ́ pé bí mọ́tò bá dojú dé, irin ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀. Inú mọ́tò tí wọ́n ti tú palẹ̀ ni a ti yọ bẹ́líìtì tó ṣì le koko. Ilẹ̀ Pẹlẹbẹ ti dípẹtà, nítorí náà mo gé irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, mo fi sí abẹ́ ilẹ̀ náà kí nọ́ọ̀tì bẹ́líìtì má baà já gba inú ìpẹtà jáde. A fi fóòmù bàtà sílípáàsì wé irin náà, a sì tún fi wé etí ibi tí orúnkún lè gbá. A fi awọ de bọ́nẹ́ẹ̀tì kó má baà ṣí lójú eré. Lẹ́yìn mọ́tò, mo jó ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró, a gbé iná pupa lé e lórí, kí awakọ̀ típà lè mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ lẹ́yìn òun.

Káyọ̀dé kò fẹ́ràn ọ̀pá iná yẹn. Ó ní ó jọ àsíá orí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gá ní ọkọ̀ ojú omi náà ń délé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rìn jìnnà lẹ́yìn ìgbà yẹn, n kò tíì rí ohun tó dùn bí àwọn Sátidé wọ̀nyẹn. Bísọ́lá á gbé mọ́ínmọ́ín wá nínú kúlà, a ó jọ jókòó yí i ká, ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ báńkì, ọwọ́ gbogbo wa dúdú. Atẹ́gùn á máa fẹ́ wá láti òkun. Káyọ̀dé á máa sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò náà nígbà tó wà ní kékeré, lórí ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀. Ọ̀gá kì í dá sí i, ṣùgbọ́n mo ń rí i pé wọ́n ń gbọ́.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà parí, ó tó kí ẹni tó jó o bá a jáde. Ọ̀gá ló jó irin ńlá ẹ̀yìn ìjókòó náà, nítorí náà àwọn ló wọ mọ́tò. Wọ́n de bẹ́líìtì. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n di irin náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n gbà pé àtẹ́lẹwọ́ máa ń gbọ́ ìró irin tí etí kò lè gbọ́. Káyọ̀dé ní àwọn á dé etíkun Eleko, àwọn á sì padà. Èmi àti Bísọ́lá dúró létí ọ̀nà títí iná pupa orí ọ̀pá yẹn fi kéré lọ.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí ọlọ́kadà kan tó mọ ṣọ́ọ̀bù wa wá sọ fún wa. Típà tó kó yanrìn ló já wọ ọ̀nà láti ẹ̀gbẹ́, kò wo ibì kan. Káyọ̀dé yà fún un. Mọ́tò náà fò kúrò lójú ọ̀nà, ó dojú dé.

Bísọ́lá kò sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ajah. A bá Káyọ̀dé lórí bẹ́ńṣì, yanrìn kún irun rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ bó díẹ̀. Bísọ́lá jókòó tì í, ó gbé orí rẹ̀ sí àyà. Mo wọlé lọ bá Ọ̀gá. Kò sóhun tó ṣe orí wọn, kò sóhun tó ṣe ọrùn wọn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni wọ́n fi aṣọ wé, aṣọ náà sì ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dojú dé, ọwọ́ yẹn ṣì wà lára irin. Ó há sí àárín irin àti ilẹ̀.

Wọ́n ní, “Sìkírá, ṣé mọ́tò náà ṣì wà níbẹ̀?”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dúró tì wọ́n.

“Lọ wò ó kí wọ́n tó wọ́ ọ kúrò. Wo gbogbo ojú ibi tí mo jó. Bó bá sán, wá sọ fún mi. Má torí ọwọ́ mi parọ́ fún mi.”

Mo lọ. Àwọn ènìyàn ṣì rọ̀gbà yí Pẹlẹbẹ ká, táyà rẹ̀ kọjú sọ́run. Mo dojú bolẹ̀ nínú yanrìn, mo fa ara mi wọ abẹ́ rẹ̀, mo fi ìka tọ ojú ìjórin kọ̀ọ̀kan. Irin náà ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó, ṣùgbọ́n kò sán níbì kankan. Bẹ́líìtì ṣì rọ̀ sílẹ̀ láti ibi tí mo dè é mọ́. Láàárín ìjókòó àti ilẹ̀, àyè kan ṣẹ́ kù, kò ga ju orí ènìyàn lọ. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo àyè yẹn. Níbẹ̀ ni orí wọn wà nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo padà, wọ́n ti gbé Ọ̀gá lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Mo dúró títí wọ́n fi gbé wọn jáde tí wọ́n sì lajú. Wọ́n wo ẹnu mi.

Mo ní, “Kò sán, Ọ̀gá. Ó kàn tẹ̀ ni.”

Wọ́n di ojú. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi mu.

Dókítà kò lè gba ìka wọn là, àtàǹpàkò nìkan ló kù. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. A rò pé wọ́n wá kó ẹrù wọn ni. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ ìjórin. Wọ́n ní, “Láti òní lọ, ọwọ́ rẹ ni ọwọ́ mi. Ojú mi ṣì jẹ́ tèmi.”

Bísọ́lá bí ọmọbìnrin. Ó gbé e wá. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọmọ náà sí apá òsì Ọ̀gá. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò tó kù lọ́wọ́ ọ̀tún wọn kan iwájú orí rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà sínú. Mo yíjú sí irin tí mo ń jó, mo fa ìbòjú sílẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi.

Ìròyìn kì í ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ ó ń rìn. Àwọn tó ní mọ́tò eré bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa láti inú àwọn ẹ́sítéètì onígéètì. Òmíràn fẹ́ kí á ṣe é nítorí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, òmíràn fẹ́ ẹ fún oge. Ọ̀gá ní kí á yan yanrìn fún gbogbo wọn. Àwọn ọdún yẹn ni mo fi ọwọ́ mi ṣe ohun tí orí méjì ń rò. Ọ̀gá á jókòó lẹ́yìn mi, wọ́n á máa wí pé díẹ̀ sí òsì, má kánjú, jẹ́ kó yọ́ ná. Nígbà tó yá, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà náà kò wọ kèrègbè. Àwa méjèèjì la fi di ènìyàn kan.

Àwọn irinṣẹ́ ń yí padà lọ́wọ́ wa. Gáàsì kábáàdì la fi ń jórin nígbà tí mo dé, pẹ̀lú òórùn rẹ̀ tí kì í kúrò lára aṣọ. Ẹ̀rọ oníná wá lé e lọ, a sì ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ tú wáyà jáde dé. Ọ̀gá kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó máa ń jó irin kí ènìyàn tó ronú tán. Mo rà á, nítorí ó yá, ó sì mọ́ tónítóní. Mọ́tò pẹ̀lú ń yí padà. Àwọn tuntun dé pẹ̀lú àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú láti inú sítíárìn, àti bẹ́líìtì tó ń fúnra rẹ̀ fún ènìyàn mọ́ àga. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá fún mi, mo máa ń dá wọn padà. Irin tí a bá kì bọ inú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láìmọ̀dí lè pa ẹni tó yẹ kó gbà là. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì dára kí ọ̀nà tí à ń gbà dáàbò bo ènìyàn máa tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo bá dá padà, ó ń mú díẹ̀ lára iṣẹ́ mi lọ.

Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára páànù wa pé àwọn máa wó o. Mo kó lọ sí Ajah. Ọ̀gá ní àwọn kò lè tún ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, wọ́n padà sí Ẹ̀pẹ́. Káyọ̀dé àti Bísọ́lá kó ọmọ wọn lọ sí òkè òkun. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù nígbà kan, lẹ́yìn náà nọ́ńbà yẹn kò lọ mọ́. Mi ò bínú sí wọn. Ayé ló fẹ̀.

Géètì ni mo wá ń jó ní ìparí. Ẹ́sítéètì ń pọ̀ sí i títí dé Ibeju-Lekki, géètì ni gbogbo wọn ń fẹ́. Ó bọ́ mi, ó tọ́ àwọn ọmọ mi. Ìgbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì nítorí iná ìjórin ni mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe, ohun tí mo lè sọ kò pọ̀. Ẹ má kọ́kọ́ wá iṣẹ́ tí kò ní tán, mi ò rò pé ó wà. Ẹ wá ọ̀gá tí yóò dá yanrìn yín padà. Kí ẹ sì wo ẹni tí ẹ jọ ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà dáadáa nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, nítorí bí ó bá lọ, òun ni ẹ máa wá, irinṣẹ́ kò ní ká yín lára.

Ìgbà tí mo rí Ọ̀gá kẹ́yìn, mo lọ kí wọn ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti dàgbà gan-an, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ọ̀sà. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo ń jó báyìí. Mo sọ pé géètì ni. Wọ́n ní, “Sọ ti géètì náà fún mi.”

Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo sọ irú irin tí mo lò, ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe ń gbọ́ ìró irin náà kí iná tó mú un. Mo sọ ti ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀, àti bí mo ṣe fi òòlù lu ọ̀kan wò kí n tó gbé e fún olówó rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ọ̀gá ti sùn, orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹnu wọn ṣí díẹ̀. Ìyàwó wọn yọjú, ó fọwọ́ sọ fún mi pé oorun ti gbé wọn lọ. Mo mi orí. Mo sún àga mi mọ́ tiwọn, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ ní ohùn jẹ́jẹ́, nítorí mi ò mọ ẹlòmíràn ní gbogbo ayé tí mo lè sọ ọ́ fún.